Ilé Tí Láníyọnu Mọ fún Àna Rẹ̀

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, kò sí ẹni tí kì í gbọ́ ohùn Láníyọnu kí ó tó rí ojú rẹ̀. Bí ó bá ń ti oko bọ̀, ará ọjà ti mọ̀. Bí ó bá jí, àdúgbò ti jí. Iṣẹ́ mọlémọlé ni ó ń ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn, ó mọ apá kan iṣẹ́ náà dáadáa. Tí ó bá gún èèkàn mọ́lẹ̀, tí ó fa okùn láti èèkàn kan dé èkejì, igun ilé náà kò ní wọ́ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ó ní okùn kan tí ó so òkúta roboto mọ́ ìdí rẹ̀, èyí tí ó máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti wò ó bóyá ògiri náà dúró ṣánṣán tàbí ó ń tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Gbogbo ohun tí ojú ń rí lára ilé ni Láníyọnu fẹ́ràn. Ohun tí kò fẹ́ràn ni èyí tí ojú kì í rí: kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí kan ilẹ̀ líle, kí a pọn omi, kí a po erùpẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ gún un títí amọ̀ yóò fi máa fà bí iyán, kí a fi í sílẹ̀ kí ó rẹ, kí a sì tún padà wá gún un. Ó ní iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìyẹn, pé iṣẹ́ ọpọlọ ni tòun.

Nígbà náà, bí ọkùnrin bá ń fẹ́ ọmọ ní Òkè-Amọ̀, ọ̀wẹ̀ ni yóò bẹ láti ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a ṣe é, òun náà yóò sì bá wọn ṣe tiwọn nígbà tí ó bá kàn wọ́n. Gbogbo ọ̀wẹ̀ ẹgbẹ́ ni Láníyọnu ń lọ, kò pa ọ̀kan jẹ. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni ó máa ń jókòó sí, tí yóò máa pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n tẹ ibí, kí wọ́n bu omi sí ọ̀hún. Tí wọ́n bá ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú amọ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tàbí kí ẹ̀gún ti gún un lẹ́sẹ̀. Bí oúnjẹ bá dé, inú kì í run ún mọ́.

Ìgbà tí ó yá, ó kan Láníyọnu náà. Àwẹ̀ró, ọmọ Òjéwùmí, ni ó ń fẹ́. Ẹní ni ọmọbìnrin náà ń hun lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, lójoojúmọ́ sì ni Láníyọnu ń rí ohun tí yóò mú un gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí àgbò kan ṣe lé baálẹ̀ abúlé kejì gun orí igi, Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín títí koríko ẹní á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ní gbogbo ìlú, òun nìkan ni ó ń sọ pé ẹnu Láníyọnu kò pọ̀ jù.

Bàbá rẹ̀ ni ìṣòro. Òjéwùmí kì í sọ̀rọ̀. Tí a bá kí i, á mi orí. Tí a bá kí i lẹ́ẹ̀mejì, á wo ẹni náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń sọ pé bí iná bá ń jó aṣọ ẹnì kan níwájú rẹ̀, ọwọ́ ni yóò nà sí i. Ọkùnrin kan sì wà ní òdìkejì odò, Ṣàǹgódìran, àgbẹ̀ oníṣu ńlá, tí òun náà ń fẹ́ Àwẹ̀ró. Bí ọkùnrin yìí bá wá kí Òjéwùmí, àwọn méjèèjì á jókòó láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn á fi wọ̀ láìsọ ohun kan, wọn á sì túká tayọ̀tayọ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ro bí òun yóò ṣe gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró bẹ ọkọ rẹ̀ títí, ni baba náà bá ní òun gbọ́. Ó ránṣẹ́ pe Láníyọnu, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù lọ tí ó sọ lọ́dún náà.

“Mọ ilé oníyàrá méjì fún mi kí oṣù tuntun tó lé. Bí o kò bá mọ ọ́n, Ṣàǹgódìran ni n ó fi ọmọ mi fún.”

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Láníyọnu dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dúró. Àṣà ni pé àwọn obìnrin ilé ìyàwó ni ń pọn omi fún ọ̀wẹ̀ ilé, nítorí ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ni odò wà, gígun òkè náà sì le. Láníyọnu ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má ru ìkòkò, pé àwọn ẹgbẹ́ òun yóò pọn omi tí àwọn adìyẹ ilé náà pàápàá yóò fi wẹ̀. Òjéwùmí wò ó, ó mi orí, ọ̀rọ̀ sì ti parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, Láníyọnu nìkan ni ó dé orí ilẹ̀ náà. Ó dúró títí oòrùn fi mú. Ó gba ilé Fádáhùnsi lọ, ẹni tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn, ó sì bá a níbi tí ó nà gbalaja sórí ẹní. Fádáhùnsi ní inú ló ń run òun. Láníyọnu lọ sí ilé ẹlòmíràn, onítọ̀hún ní ẹ̀gún ló gún òun lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó bú u. Àwáwí rẹ̀ ni wọ́n kàn ń dá padà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń dá abọ́ alábọ́ padà. Fádáhùnsi tilẹ̀ bi í bóyá oúnjẹ ti délẹ̀, pé bí ó bá ti délẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú òun dá.

Kò lè padà lọ sọ fún àna rẹ̀ pé òun kò rí ẹnì kankan. Ó gún èèkàn rẹ̀, ó ta okùn, ìlà rẹ̀ sì gún régé. Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kan ilẹ̀ líle tí apá fi ń ro ó, ni ó bá ní ibi tí òun gbẹ́ dé náà kò burú. Ó ru ìkòkò lọ sódò. Bí ó ti ń gun òkè bọ̀, ìdajì omi dà sí i lẹ́yìn. Ó da èyí tó kù sórí erùpẹ̀, erùpẹ̀ mu ún tán, ó sì gbẹ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fún un ní nǹkan kan. Nígbà tí ó padà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ìkòkò fọ́. Láníyọnu jókòó ti àfọ́kù ìkòkò náà, ó ń ro Àwẹ̀ró nínú ilé Ṣàǹgódìran, níbi tí kò ní sí ẹni tí yóò pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Orógbó ni ó kó bá a. Àwọn mọlémọlé ìlú náà ní àṣà kan: kí amọ̀ àkọ́kọ́ tó balẹ̀ nínú ìpìlẹ̀, ẹni tó ń mọ ilé yóò rún orógbó lẹ́nu, yóò fẹ́ ẹ sórí amọ̀ náà, yóò sì wúre fún ẹni tí yóò gbé inú ilé. Láníyọnu rọra dìde, ó padà sórí ilẹ̀ náà, ó gbé ìṣù erùpẹ̀ kan tí omi rẹ̀ kò tó, ó rún orógbó, ó fẹ́ ẹ sí i. Ó fi àtàǹpàkò rẹ́ ojú rẹ̀. Ibi tí itọ́ kàn ń dán, ó jọ̀lọ̀ bí amọ̀ tí odindi ẹgbẹ́ ti gún fún ọjọ́ púpọ̀. Ó yí ìṣù náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ta ni yóò gé ògiri láti wo inú rẹ̀? Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sì ní padà dé bọ̀rọ̀. Kí ó tó dé, Àwẹ̀ró á ti di ìyàwó, òun á sì ti rí ọgbọ́n dá sí ògiri náà.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ̀nba omi tí agbára rẹ̀ ká ni ó ń wọ́n sí erùpẹ̀ kí ó lè di mọ́ra díẹ̀, á tò ó ní ìpele lórí ìpele láì jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ, á sì fi itọ́ rẹ́ ojú rẹ̀ tinú tòde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé tóbi, ẹnu kéré. Kò pẹ́ tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ táútáú. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu kí itọ́ lè máa sun. Nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í kan án, ó fi iyọ̀ sábẹ́ ahọ́n dípò rẹ̀. Iyọ̀ dára. Itọ́ ń wá bí omi ìsun, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ohun kan ni kò rò tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń kó itọ́ jọ kò lè sọ̀rọ̀. Tí ó bá la ẹnu pẹ́ẹ́, iṣẹ́ àárọ̀ ti dà nù. Láníyọnu bá dákẹ́. Ẹni tó bá kí i kú iṣẹ́, á mi orí sí i. Tí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, mímì orí kò tó, nítorí náà yóò ju ọkọ́ sílẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, yóò sì dìde láìfọhùn. Ìròyìn gba ìlú kan. Wọ́n ní ìyàwó tí Láníyọnu fẹ́ gbé ti sọ ọ́ di ènìyàn. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní ẹnu bí abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá wò ó, kí wọ́n lè rí bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe.

Òjéwùmí fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wo ọkọ ọmọ rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, òun náà kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó dìde, ó fọwọ́ kan Láníyọnu léjìká, ó sì lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé ọmọ gidi ni. Láníyọnu gbọ́ nípa rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he, ó sì tún bu iyọ̀ sẹ́nu.

Ewúrẹ́ nìkan ni kò jẹ́ kí ó sinmi. Iyọ̀ ló pè wọ́n wá. Wọ́n á tò sí ìdí ògiri, wọ́n á máa lá a, bí ó bá sì lé wọn níwájú, wọ́n á gba ẹ̀yìn yọ. Kò lè kígbe mọ́ wọn nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Apá ni ó ń jù fìrìfìrì bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ọkà. Ìyá Àwẹ̀ró rí wọn nígbà tí ó ń kọjá, ó ní ilé yìí mà dára o, ẹranko pàápàá mọ̀ ọ́n lóhun tó dára.

Àwẹ̀ró ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ń gbé oúnjẹ wá, Láníyọnu á gbà á, á mi orí, á sì kọjú sí ògiri. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lọ̀ ọ́, kò dáhùn. Ó bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá, ó mi orí. Lọ́jọ́ kan, kò gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ó dúró tì í títí ó fi kọjú sí i, ó sì fi oríkì rẹ̀ pè é.

“Àlàó, kí ni mo ṣe fún ọ? Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fún ọ ní ilẹ̀ yìí ni o kò ti bá mi sọ gbólóhùn kan. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìdákẹ́jẹ́ ni mò ń lọ náà ni, ṣebí Ṣàǹgódìran wà níbẹ̀.”

Òkè ẹnu ọ̀nà nìkan ló kù tí Láníyọnu kò tíì rẹ́, itọ́ ibẹ̀ ni ó sì ti ń kó jọ sẹ́nu láti òwúrọ̀. Ó wo òkè ẹnu ọ̀nà. Ó wo ojú Àwẹ̀ró, ó rí i pé omi ti ń dà níbẹ̀. Ó gbé e mì.

“Gbogbo ẹnu mi ni mo kó sínú ilé yìí, Àwẹ̀ró,” ó ní. “Jẹ́ kí n mọ ọ́n tán. Wàá bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, n kò ní dákẹ́.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú, ó rò pé àsọdùn rẹ̀ àtijọ́ ni ó ti padà dé. Kò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ọkùnrin náà sọ.

Ó wá ku òrùlé. Láníyọnu mọ ohun tó wà nínú ògiri rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí náà kò jẹ́ gbé igi ńlá lé e. Ọparun tín-ín-rín ni ó fi ṣe é, ó sì fi koríko fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó. Ó gbé okùn olókùúta rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dúró ṣánṣán. Láti òkèèrè, ilé náà ń dán bí awo tuntun. Wọ́n dá ọjọ́ tí Òjéwùmí àti àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ jẹun, nítorí bí àna bá ti jẹun nínú ilé tí a mọ fún un, kò tún lè sọ pé òun kò fún ni lọ́mọ mọ́.

Ìrì tí ó sẹ̀ mọ́jú ọjọ́ náà pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀nà funfun, koríko ń kán tótó, àwọn tó ń bọ̀ sì ti tutù dé orúnkún. Láníyọnu ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, pẹ̀lú iyọ̀ lẹ́nu, láti tún ibi tí ewúrẹ́ lá rẹ́. Ó fọwọ́ lé ògiri. Ọwọ́ náà wọlé lọ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó fà á yọ kíá, ó rí ihò ọlọ́mọ-ìka márùn-ún tó la ẹnu sí i, ó sì rí i pé ara ògiri náà ti rin gbindin. Omi ń kán láti etí òrùlé, ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá gbà ni ó ń gbẹ́ ọ̀nà sílẹ̀, ìyókù ni iyọ̀ inú itọ́ ń fà mu. Bí ó ti ń wò yí ká, ó gbọ́ ohùn àwọn àgbà. Kò sí ohun tó lè ṣe ju pé kí ó fi ẹ̀yìn bo ihò náà, kí ó sì dúró gbagidi.

Wọ́n dé. Òjéwùmí wọ dàńdógó rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ, Àwẹ̀ró tẹ̀lé e, Fádáhùnsi àti gbogbo ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn láti wo bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe mọ ilé, Ṣàǹgódìran náà sì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òjéwùmí dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ògiri tó ń dán, ó wo ọkùnrin tó dúró tì í láìfọhùn, ìdùnnú sì ṣe é bí kò ti ṣe é rí. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ìdákẹ́ ni ọgbọ́n. Ó ní òun ti dàgbà, òun kò tíì rí ọ̀dọ́ tó mọ ìwọ̀n ẹnu ara rẹ̀ bí eléyìí. Ó kan sáárá sí i, ó yin ìyá tó bí i, ó yin ìyá ìyá rẹ̀, àwọn àgbà sì ń wo ara wọn.

Láníyọnu kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ògiri ń tutù sí i lẹ́yìn, ó sì ń rọra wá bá a. Ó rò ó pé bí òun bá dúró dáadáa, bóyá wọn yóò jẹun tán, wọn yóò sì jáde, Àwẹ̀ró yóò sì di tòun. Òjéwùmí parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ká dàńdógó, ó gbé ẹsẹ̀ láti wọlé. Láníyọnu rí ẹsẹ̀ náà lókè, ó rí òrùlé lórí rẹ̀, kò sì lè dákẹ́ wò ó.

“Bàbá, ẹ má wọlé!”

Gbogbo itọ́ òwúrọ̀ náà ló bá ọ̀rọ̀ jáde, àyà dàńdógó ni ó sì bà lé. Òjéwùmí fà sẹ́yìn. Láníyọnu fò kúrò. Ilé náà kò wó bí ilé ṣe ń wó, kò pariwo rárá. Ó kàn jókòó, bí arúgbó tó ti ọ̀nà jíjìn dé, òrùlé sì rọra bò ó mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta ti gun orí òkìtì náà, wọ́n ń lá a.

Ìyá Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ rí ohùn. Ó bèèrè bóyá òjò rọ̀ ní òru, wọ́n ní kò rọ̀. Ó bèèrè bóyá atẹ́gùn jà, wọ́n ní kò jà. Ó wo omi tó ń kán lára koríko. Òjéwùmí nu àyà rẹ̀, ó wo ọwọ́ tí ó fi nù ún.

“Kí lo fi mọ ilé yìí?”

“Itọ́ ni, Bàbá,” Láníyọnu dáhùn látorí ìdọ̀bálẹ̀.

“Itọ́?”

“Ojú rẹ̀ nìkan ni, Bàbá. Inú rẹ̀ kò ní nǹkan kan.”

Ìyá Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ sílẹ̀ kí ó má bàa dànù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Fádáhùnsi rẹ́rìn-ín títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní tòótọ́. Àwẹ̀ró kò tíì rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ ti Láníyọnu, ó bi í bóyá nítorí èyí ni kò fi bá òun sọ̀rọ̀. Láníyọnu mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìrì, ó sì rẹ́rìn-ín ju ìyá rẹ̀ lọ, nítorí láti ìgbà pípẹ́ ni ó ti rò pé ọkùnrin náà kò fẹ́ òun mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí Láníyọnu tún ilé náà mọ, ó ní òun yóò dúró dè é.

Òjéwùmí wo òkìtì erùpẹ̀ náà. Ó wo ọkùnrin tí ì bá dákẹ́ kí òun wọlé. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Kí ó lọ gún amọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀,” ó ní. “Tí ó bá tó, kí wọ́n wá gún tèmi. Omi ni kí wọ́n fi gún un.”

Ṣàǹgódìran mi orí, ó sì gba ọ̀nà odò lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀wẹ̀ tí Láníyọnu kì í kọ́kọ́ wọ inú amọ̀ níbẹ̀, ó ń gún un, ó sì ń ròyìn àgbò baálẹ̀ fún wọn, ẹgbẹ́ kò sì bínú sí ẹnu rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá a rìn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, gbogbo wọn wá. Àwọn obìnrin ilé Òjéwùmí pọn omi, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan ilẹ̀ líle, wọ́n sì mọ ilé tí òjò ọ̀pọ̀ ọdún kò rí gbé ṣe. Inú rẹ̀ ni Òjéwùmí ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ gbádùn ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí àwọn ọmọ tí Àwẹ̀ró bí fún Láníyọnu sì ń pariwo yí i ká. Ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ ni ìlú kò gbàgbé, ó sì ti ẹnu àwọn àgbà Òkè-Amọ̀ dé etí gbogbo wa, tó fi jẹ́ pé bí a bá rí ẹni tó ń fi ẹ̀tàn tàbí ìkánjú gbé nǹkan ńlá dúró, ohun tí a ń wí fún un kò ju pé: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.